Fíìmù ni wọ́n nà, ìwé ni wọ́n ń bá wí: ohun tó wà nídìí ìjà ẹ̀sìn lórí The Golden Compass

Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2025 ni Philip Pullman, òǹkọ̀wé ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbé The Rose Field jáde. Òun ló kẹ́yìn nínú ìtàn ọmọdébìnrin kan tó ń jẹ́ Lyra, ìtàn tó ti bẹ̀rẹ̀ láti ọdún 1995. Ọgbọ̀n ọdún gbáko. Ó ṣòro kéèyàn dárúkọ Lyra láwùjọ kí ẹnìkan má béèrè pé, "Ṣé kì í ṣe ìwé tí wọ́n ní ó ń kọ́ ọmọ láti kẹ̀yìn sí Ọlọ́run nìyẹn?" Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń béèrè bẹ́ẹ̀ kò ka ìwé náà rí. Ariwo fíìmù ni wọ́n gbọ́, fíìmù The Golden Compass tó jáde ní oṣù Kejìlá ọdún 2007. Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wá jọ mí lójú nìyí: àwọn tó ṣe fíìmù ọ̀hún ti ṣe wàhálà gidi láti fọ ọ̀rọ̀ ìjọ àti ti Ọlọ́run kúrò nínú rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó rí i.

Ẹ jẹ́ ká ti ìdí rẹ̀ wá. Northern Lights ni ìwé àkọ́kọ́ ń jẹ́ ní Bìrìtéènì, ó sì gba àmì-ẹ̀yẹ Carnegie, èyí tí wọ́n ń fún ìwé ọmọdé tó dára jù níbẹ̀. The Subtle Knife tẹ̀ lé e ní 1997, The Amber Spyglass sì jáde ní ọdún 2000. Àpapọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni wọ́n ń pè ní His Dark Materials, ọ̀rọ̀ tí Pullman já láti inú Paradise Lost, ewì gígùn tí John Milton kọ́kọ́ tẹ̀ ní 1667 lórí ọ̀tẹ̀ Sátánì àti bí Ádámù àti Éfà ṣe kúrò lọ́gbà Édẹ́nì. Orúkọ tí wọ́n fún ìwé àkọ́kọ́ ní Amẹ́ríkà, àṣìlóye ló bí i. Pullman ti kọ́kọ́ fẹ́ fi ọ̀rọ̀ Milton mìíràn, "golden compasses", pe gbogbo ìtàn náà. Irin ẹlẹ́sẹ̀ méjì tí wọ́n fi ń fa òbírí ni Milton ní lọ́kàn, èyí tí Ọlọ́run fi wọn ayé nígbà tó fẹ́ dá a. Àwọn òǹtẹ̀wé ní Amẹ́ríkà rò pé irinṣẹ́ wúrà ọwọ́ Lyra, èyí tó fi ń wá òtítọ́, ni, nítorí pé ó jọ kọ́ńpáàsì tí àwọn awakọ̀ òkun ń lò. Nígbà tí Pullman yí ọkàn padà, orúkọ yẹn ti dùn mọ́ wọn lẹ́nu, wọn ò jọ̀wọ́ rẹ̀ mọ́. Bí fíìmù náà ṣe jogún orúkọ tí kì í ṣe tirẹ̀ nìyẹn.

Nínú ayé Lyra, ọkàn èèyàn kì í gbé inú ara. Ìta ló ń gbé, ó ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tó ni ín ní àwọ̀ ẹranko, wọ́n jọ ń sọ̀rọ̀, bí wọ́n bá na ọ̀kan, èkejì á mọ̀ ọ́n lára. Ti ọmọdé máa ń pa àwọ̀ dà bó ṣe wù ú: ó lè jẹ́ ológbò láàárọ̀, kó di àfòpiná lálẹ́. Tí ọmọ bá bàlágà, á dúró sójú kan títí ayé. Dæmon ni Pullman pè é. Ọ̀rọ̀ Gíríìkì àtijọ́ ni, ẹbí èyí tí Socrates ń lò fún ohùn tó máa ń kìlọ̀ fún un. Àmọ́ bí wọ́n ṣe ń pe ẹ̀mí àìmọ́ lédè Gẹ̀ẹ́sì gan-an ni wọ́n ṣe ń pè é, kò yàtọ̀ létí rárá. Mo gbà pé púpọ̀ nínú ìbẹ̀rù náà, etí ló gbà wọlé. Ta ni wọ́n máa sọ fún pé gbogbo ọmọ inú ìtàn ló ní ẹ̀mí àìmọ́ tirẹ̀, tó máa dúró gbọ́ ìyókù? Bó bá jẹ́ èmi ni wọ́n ní kí n túmọ̀ ìwé náà sí Yorùbá, mi ò ní lọ bá ẹ̀mí àìmọ́ yá orúkọ. Ẹnìkejì ni mo máa pè é, á sì bá a mu wẹ́kú.

Àwọn alágbára tó ń ṣàkóso ayé yẹn ń bẹ̀rù ohun kan tí wọ́n ń pè ní Eruku. Ojú lásán kò rí i. Kì í bà lé ọmọdé, ṣùgbọ́n bí ọmọ bá ti ń dàgbà ló ń rọ̀ jọ sára rẹ̀. Àwọn alágbára náà wá pinnu pé ẹ̀rí ẹ̀ṣẹ̀ Ádámù nìyẹn, ẹ̀ṣẹ̀ tí a bí mọ́ gbogbo èèyàn. Kí Eruku má bàa rí ibi bà lé, ẹ̀ka kan lára wọn ń jí àwọn ọmọ gbé lọ sí àríwá ayé, nínú yìnyín, wọ́n ń fi ọ̀bẹ ẹ̀rọ gé ọmọ kúrò lára ẹnìkejì rẹ̀. Ọmọ tí wọ́n bá gé báyìí, bí kò bá kú, á kàn máa wà ni.

Orúkọ àwọn alágbára yìí ni Magisterium, ibẹ̀ sì ni iná ti ràn. Kì í ṣe Pullman ló hùmọ̀ orúkọ náà. Òun ni Ìjọ Kátólíìkì ń pe àṣẹ ìkọ́ni tó wà lọ́wọ́ Póòpù àti àwọn bíṣọ́ọ̀bù, wọ́n sì ń lò ó títí di òní. Bí ẹnìkan bá kọ ìtàn àwọn ajọ́mọgbé tó wá fi orúkọ agboolé yín pè wọ́n, ẹ ò ní jókòó béèrè bóyá àròsọ ni. Àmọ́ ẹni tó bá ka ìwé náà dáadáa á rí i pé Pullman ò dojú kọ Kátólíìkì nìkan. Nínú ìtàn ayé Lyra, John Calvin, ẹni tí àwọn ìjọ Pùròtẹ́sítáǹtì kan ń wò bíi baba, ló di Póòpù, tó sì gbé ìtẹ́ náà kúrò ní Róòmù lọ sí Geneva. Lẹ́yìn ikú rẹ̀, wọ́n pa oyè Póòpù rẹ́, oríṣiríṣi ìgbìmọ̀ àti ilé ẹjọ́ tó ń bá ara wọn dupò sì gba agbára. Ó po àwọn méjì tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún bá ara wọn jà pọ̀ sínú ìkòkò kan náà. Ní 2007, díẹ̀ ló ráyè sọ̀rọ̀ nípa ìyẹn.

Ìwé kẹta ló wúwo jù, bẹ́ẹ̀ fíìmù kò débẹ̀ rárá. Nínú rẹ̀, ẹni tí wọ́n ń pè ní Ọlọ́run, tí orúkọ rẹ̀ nínú ìtàn ń jẹ́ Authority, kì í ṣe ẹlẹ́dàá. Áńgẹ́lì tó kọ́kọ́ wà ni, ó sì parọ́ fún àwọn tó dé lẹ́yìn rẹ̀ pé òun lòun dá wọn. Nígbà tí Lyra àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ Will máa fi rí i, ó ti di arúgbó kùjọ́kùjọ́ tí wọ́n há mọ́ inú àpótí kírísítálì, tó ń sunkún bí ọmọ ọwọ́. Àánú rẹ̀ ṣe wọ́n, wọ́n ṣílẹ̀kùn fún un. Atẹ́gùn fẹ́ sí i, ó tú ká. Àwọn tó ní ìwé náà "pa Ọlọ́run" kò parọ́ pátápátá, ṣùgbọ́n wọn ò sọ bó ṣe rí: kò sí ẹni tó gbé idà, àwọn ọmọ náà kò sì mọ ẹni tó jẹ́.

Pullman fúnra rẹ̀ kò ran ara rẹ̀ lọ́wọ́. Ní 2001, ó sọ fún ìwé ìròyìn Washington Post pé òun ń gbìyànjú láti gbẹ́ ìpìlẹ̀ ìgbàgbọ́ Kristẹni. Ní 2003, ó sọ fún ìwé ìròyìn kan ní Ọsirélíà pé ìwé òun dá lórí pípa Ọlọ́run. Ní 1998, ó ti kọ ọ̀rọ̀ líle tako Narnia náà, ìtàn ọmọdé tí C. S. Lewis gbé karí ìgbàgbọ́ Kristẹni. Nígbà tí fíìmù fẹ́ jáde, ohùn rẹ̀ rọ̀, ó ní ìtàn lòun ń sọ, òun kì í wàásù. Ṣùgbọ́n ẹyin lohùn. Gbólóhùn méjì àkọ́kọ́ yẹn ni gbogbo ẹni tó ń bá fíìmù náà jà gbé lọ́wọ́.

Ní Bìrìtéènì, ọ̀nà mìíràn ni ọ̀rọ̀ náà gbà. Kì í ṣe pé gbogbo èèyàn fara mọ́ ọn. Òǹkọ̀wé kan nínú ìwé ìròyìn Kátólíìkì níbẹ̀ ti sọ ní 1999 pé ìwé Pullman yẹ fún iná ju ìwé Harry Potter lọ. Àmọ́ nígbà tí ilé eré National Theatre ní London gbé ìtàn náà sórí ìtàgé ní òpin 2003, tí wọn ò sì fi ìjọ inú rẹ̀ pamọ́, Rowan Williams, Áṣíbíṣọ́ọ̀bù Canterbury tó jẹ́ olórí ìjọ Áńgílíkà nígbà náà, lọ wò ó, ó sì yìn ín. Ní oṣù Kẹta ọdún 2004, òun àti Pullman jókòó sórí ìtàgé ilé eré yẹn kan náà, wọ́n sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ níwájú èrò. Williams tilẹ̀ dá a lábàá pé kí wọ́n máa lo ìwé náà nínú ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn nílé ìwé. Lójú tirẹ̀, ọlọ́run tó ṣeé fi sínú àpótí, tí agbára rẹ̀ lè tán, kì í ṣe Ọlọ́run tí Kristẹni ń sìn. Bí ìtàn bá wó irú òrìṣà bẹ́ẹ̀, kí Kristẹni bá a wó o. Ó wá bi Pullman léèrè pé Jésù dà nínú gbogbo rẹ̀? Pullman kò ní èsì tó kún nígbà yẹn. Ìwé odidi ló fi dáhùn ní 2010, The Good Man Jesus and the Scoundrel Christ, èyí tó dá ariwo tirẹ̀ sílẹ̀.

Kí ló dé tí irú ìjókòó yẹn kò fi wáyé ní Amẹ́ríkà? Owó ni mo kọ́kọ́ máa tọ́ka sí. Eré orí ìtàgé kò ní kí gbogbo ìdílé wá kó tó jèrè. Fíìmù tó gbé mílíọ̀nù 180 dọ́là mì ní láti rí ìyá, bàbá, ọmọ àti ìyá àgbà. New Line Cinema, tó ṣe The Lord of the Rings láti 2001 sí 2003, ló ń wá ìtàn ńlá mìíràn. Ní 2005, fíìmù Narnia jáde, wọ́n polówó rẹ̀ dé inú ṣọ́ọ̀ṣì, èrò sì wọ́ lọ. Ó ti hàn sí gbogbo àwọn tó ń ṣòwò fíìmù pé àwọn onígbàgbọ́ máa ń sanwó wo ìtàn àràmọ̀ǹdà. Ìwé tí New Line ní lọ́wọ́ wá jẹ́ èyí tí ẹni tó kọ ọ́ ti fẹnu ara rẹ̀ sọ pé Narnia ń rí òun lára.

Chris Weitz, olùdarí fíìmù náà, ti sọ ọ́ síta láti 2004 pé ẹ̀rù ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn ń ba ilé-iṣẹ́ náà, pé Magisterium inú fíìmù lè dúró fún àjọ èyíkéyìí tó bá ń fi ipá jọba lórí ọkàn èèyàn. Ó kúrò lẹ́nu iṣẹ́ náà ní ọdún yẹn, wọ́n gbé Anand Tucker wọlé, Tucker náà lọ, Weitz padà wá. Nínú ohun tó jáde, Magisterium di ìjọba kan ṣá, àwọn aláṣẹ tó wọ aṣọ dúdú. Ẹ̀ṣẹ̀ Ádámù di àlọ́ tí a kò já. Nicole Kidman, tó kó ipa Mrs Coulter, obìnrin tó ń darí àwọn ajọ́mọgbé náà, sọ fún àwọn oníròyìn pé inú ìdílé Kátólíìkì ni wọ́n ti tọ́ òun, òun kò sì ní bá wọn ṣe fíìmù tó bá lòdì sí ìjọ òun.

Àwọn tó fẹ́ràn ìwé bínú. National Secular Society, ẹgbẹ́ kan ní Bìrìtéènì tí kò fẹ́ kí ẹ̀sìn máa darí ìlú, fẹ̀sùn kàn wọ́n pé wọ́n ti yọ ọkàn ìtàn náà jù nù. Ìyẹn nìkan ìbá ti tó wọn. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2007, Catholic League náà wọlé. Ẹgbẹ́ àwọn ọmọ ìjọ Kátólíìkì ní Amẹ́ríkà ni, wọ́n dá a sílẹ̀ ní 1973, kì í ṣe ẹnu àwọn bíṣọ́ọ̀bù. Bill Donohue, olórí rẹ̀, ní kí àwọn Kristẹni má ṣe fi ẹsẹ̀ kan ilé sinimá nítorí fíìmù náà, ẹgbẹ́ rẹ̀ sì tẹ ìwé kékeré láti ṣàlàyé ìdí. Àwọn kan fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ó ń bá fíìmù tí kò tíì jáde jà. Àmọ́ ẹ gbọ́ àlàyé rẹ̀. Ó gbà pé wọ́n ti bomi la fíìmù náà, ó sì gbà pé ìwé tí wọ́n mú ló rọ̀ jù nínú mẹ́ta. Ohun tó ní ó ń kọ òun lóminú nìyẹn gan-an: òbí tí kò fura á mú ọmọ lọ wò ó, ọmọ á gbádùn rẹ̀, á ní kí wọ́n ra ìwé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fún òun ní Kérésìmesì, á sì máa kà á lọ títí á fi débi àpótí kírísítálì.

Mi ò sí lẹ́yìn Donohue, ṣùgbọ́n àlàyé yẹn mọ́gbọ́n dání ju ti àwọn tó ṣe fíìmù lọ. Wọ́n rò pé bí àwọn bá fọ fíìmù mọ́, ìjà ti parí. Donohue mọ̀ pé fíìmù tí a gbé karí ìwé kì í dá wá. Bí wọ́n ṣe ń fọ̀ ọ́ tó ni ìdẹ náà ń dùn tó lójú tirẹ̀, nítorí náà kò sí bí wọ́n ṣe lè fọ̀ ọ́ tó máa tẹ́ ẹ lọ́rùn.

Ìjọ fúnra rẹ̀ kò fi ohùn kan sọ̀rọ̀. Ọ́fíìsì àwọn bíṣọ́ọ̀bù Amẹ́ríkà ní àwọn tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti wo fíìmù, kí wọ́n sọ fún ìdílé bóyá ó yẹ ní wíwò. Wọ́n wo The Golden Compass, wọ́n yìn ín, wọ́n ní ó dára fún àgbàlagbà àti ọ̀dọ́, wọ́n sì gba òbí nímọ̀ràn pé dípò kí wọ́n fòfin dè é, kí wọ́n bá ọmọ jókòó sọ ohun tó bá rú wọn lójú nínú rẹ̀. Ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn tí fíìmù jáde, wọ́n yọ ìwé àgbéyẹ̀wò náà kúrò. Wọn ò sọ ìdí. Kí oṣù náà tó parí, L'Osservatore Romano, ìwé ìròyìn Vatican, bu ẹnu àtẹ́ lu fíìmù náà, ó ní ayé tí kò bá sí Ọlọ́run nínú rẹ̀ máa ń tutù, a sì máa bani nínú jẹ́. Ní Ontario ní Kánádà, àjọ tó ń bójú tó àwọn ilé ìwé Kátólíìkì ní agbègbè Halton kó ìwé náà kúrò lórí pẹpẹ. Nínú àkọsílẹ̀ ẹgbẹ́ àwọn ilé-ìkàwé Amẹ́ríkà, ìwé náà wà ní ipò kẹrin lára àwọn tí wọ́n fi ẹ̀sùn kàn jù ní 2007. Ní 2008, gbogbo ìtàn náà gòkè dé ipò kejì. Látọdún 1996 ni ìwé yẹn ti wà lórí pẹpẹ níbẹ̀, fíìmù tó jáde láìní ọ̀rọ̀ ìjọ nínú ló wá jẹ́ kí wọ́n rí i.

Owó tó wọlé ní Amẹ́ríkà jẹ́ nǹkan bíi mílíọ̀nù 70 dọ́là. Káàkiri ayé lápapọ̀, ó tó mílíọ̀nù 372. Ẹni tó bá wo iye méjèèjì á rí i pé àwọn ilẹ̀ mìíràn ló gbé fíìmù náà dúró. Ṣùgbọ́n New Line ti ta ẹ̀tọ́ rẹ̀ ní òkè òkun ṣáájú láti fi rówó ṣe é, nítorí náà èyí tó pọ̀ jù nínú owó yẹn, àpò ẹlòmíràn ló wọ̀. Ní ọjọ́ 24 oṣù Kejì ọdún 2008, fíìmù náà gba Oscar fún iṣẹ́ àràbarà ojú rẹ̀. Lọ́jọ́ kẹrin sí i, ilé-iṣẹ́ tó ni New Line kéde pé òun máa tì í mọ́ abẹ́ Warner Bros. Fíìmù kejì kò wáyé.

Ta ló pa á? Sam Elliott, òṣèré tó ṣe Lee Scoresby, ọ̀kan lára àwọn ọ̀rẹ́ Lyra, nínú rẹ̀, dẹ́bi fún Ìjọ Kátólíìkì. Inú Donohue dùn sí ìyẹn, ó gbà pé iṣẹ́ òun ló jẹ́. Àwọn méjèèjì fún ìjà náà lágbára ju bó ṣe ní lọ, lójú tèmi. Fíìmù náà ní àrùn tirẹ̀. Wákàtí méjì kò pé, síbẹ̀ wọ́n fẹ́ ṣàlàyé Eruku, ẹnìkejì, béárì tó ń wọ ìhámọ́ra irin àti àwọn àjẹ́ tó ń fò. Ìparí ìwé, níbi tí bàbá Lyra ti fi ẹ̀mí ọ̀rẹ́ ọmọ rẹ̀ rúbọ láti ṣí ọ̀nà sí ayé mìíràn, wọ́n ya á, wọ́n sì gé e kúrò, wọ́n ní àwọn á fi bẹ̀rẹ̀ fíìmù kejì. Ẹni tí kò mọ ìwé náà jáde nílé sinimá láì mọ ohun tí wọ́n ń bá ara wọn jà sí. Ẹni tó mọ̀ ọ́n bínú jáde. Ẹni tó lé eku méjì pòfo. New Line lé mẹ́ta.

Nígbà tó di 2019, BBC àti HBO gbé ìtàn náà wá sórí tẹlifíṣọ̀n. Jack Thorne ló kọ ọ́, wọ́n sì fún un ní àyè, abala mẹ́ta, títí di 2022. Wọn ò fi Magisterium pamọ́ lọ́tẹ̀ yìí: kádínà wà níbẹ̀, àdúrà wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹ̀ṣẹ̀ wà níbẹ̀. Ariwo kò tó ìdá kan nínú ti 2007. Boya nítorí pé kò sí ẹni tó pè é ní fíìmù Kérésìmesì fún gbogbo ìdílé, boya nítorí pé àwọn ọmọ tó ka ìwé náà níjọ́un ti di òbí fúnra wọn. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2022, oṣù tí fíìmù àkọ́kọ́ jáde gan-an, wọ́n débi àpótí kírísítálì náà. Àwọn ọmọ méjèèjì ṣí i, arúgbó inú rẹ̀ gbójú sókè wò wọ́n, ó sì tú ká.